Ìgò Ẹlẹ́rìí Tí Mo So Mọ́ Ọrùn Àgbá Ọ́ìlì

Nígbà tí mo bá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìrun àìlà, tí oòrùn Ìlọrin ti pa gbogbo àdúgbò lẹ́nu mọ́, ẹ̀kán ọ́ìlì kan máa ń wá sí ojú mi. Yóò bọ́ sórí bébà funfun, yóò kọ́kọ́ dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, yóò wá rọra máa tàn ká. Àárín rẹ̀ yóò dúdú, òrùka kan yóò yí i po ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, etí rẹ̀ pátápátá yóò sì mọ́ bí oyin. N kò lè sọ bóyá mo ń sùn ni tàbí mo lajú sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi wo irú ẹ̀kán bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo máa ń wo ọ́ìlì ọkọ̀, mo sì máa ń sọ ọjọ́ tó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Ìdírísù ni orúkọ mi. Ìwé mẹ́rin ni mo kà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì lọ sí ilé kéwú dé ibi tí agbára àwọn òbí mi mọ. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi to àwọn ọ̀rọ̀ yìí sí ààyè wọn, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń sọ wọ́n, mo sì ń sọ wọ́n fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì nípa iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe. Iṣẹ́ mi dára. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn ná, kí n tó sọ fún yín pé ìdí iṣẹ́ náà ni wọ́n ti pè mí ní olè ní gbangba, lójú gbogbo ẹni tí mo jọ ń jẹun, nígbà tí n kò jí ohunkóhun.

Sáliù ni orúkọ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀yìn Ọjà-Ọba ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, nínú àgbàlá kan tí a ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéwú láti ilé kejì. Ọmọ alfa ni òun náà. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó máa kọ wàláà títí ayé, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ló gba ọkàn rẹ̀. Síbẹ̀, bí àwọn alfa ṣe ń tọ́jú tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ wàláà ni ó ṣe ń tọ́jú ọ́ìlì. Kì í jẹ́ kí a fi ọwọ́ ìdọ̀tí kàn án. Bí ó bá ń ṣàn jáde láti inú ẹ́ńjìnnì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. A ó kàn dúró ni, ọ́ìlì yóò máa bọ̀ bí òwú dúdú gígùn kan tí kò ní òpin, ohùn àwọn ọmọ kéwú yóò sì máa wọlé tọ̀ wá lórí ògiri. Títí di òní, bí mo bá rí ọ́ìlì tó ń ṣàn, mo máa ń gbọ́ kéwú.

Ọdún kan gbáko ni kò fi jẹ́ kí n di sípánà mú. Iṣẹ́ mi ni kí n tú ọ́ìlì sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì gbóná, kí n mú ẹ̀kán kan sórí bébà, kí n fi òkúta tẹ bébà náà mọ́lẹ̀, kí n sì jókòó tì í títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá yóò wá dúró lé mi lórí.

“Ìdírísù, kí lo rí?”

“Ó dúdú, ọ̀gá.”

“Ẹni tó ń ta àkàrà ní títì náà mọ̀ pé ó dúdú. Kí lo rí?”

“Dúdú rẹ̀ ti tàn dé etí, ọ̀gá. Tàbí ó kó jọ sí àárín.”

“Èwo nínú méjèèjì? Ṣé tàbí ni wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì?”

Bí n kò bá lè dáhùn, yóò ní kí n gbé bébà náà dání, kí n jókòó sínú oòrùn, kò sì ní sí oúnjẹ fún mi títí n ó fi mọ ohun tí mo ń wò. Mo sunkún lọ́jọ́ kan. Ó wò mí, ó ní ọ́ìlì kò ní mọ̀ pé mo sunkún. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n nígbẹ̀yìn. Bí dúdú náà bá tàn ká dọ́gbadọ́gba, ọ́ìlì ṣì ní agbára, ó ṣì ń gbé ìdọ̀tí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Bí dúdú náà bá kó jọ sí àárín, tí etí rẹ̀ gún bí ẹni fi gègé fà á, ó ti rẹ ọ́ìlì, ó ti ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá mi máa ń wo bébà tó gbẹ bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó ń sùn.

Òfin méjì ló fi lé mi lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ló sì bá mi dé ibi tí mo wà yìí. Àkọ́kọ́ ni pé kí n ṣe ẹ̀kán fún ọ́ìlì titun pẹ̀lú, kí ó tó wọ inú ọkọ̀ kankan, nítorí pé bí n kò bá mọ ojú rẹ̀ nígbà tó ń wọlé, n kò ní mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì fi ṣe nígbà tó bá ń jáde. Èkejì ni ti ìgò. Bí a bá ṣí àgbá ọ́ìlì titun, èyí tó bá kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀ ni a ó rọ sínú ìgò kékeré kan. A ó lẹ bébà mọ́ ẹnu ìgò náà, ẹni tó ta ọ́ìlì tàbí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò buwọ́ lu bébà náà, a ó sì fi wáyà so ìgò náà mọ́ ọrùn àgbá. Ọ̀gá mi ń pè é ní ẹlẹ́rìí. Bí àgbá bá tán, tí àwọn ọkọ̀ tó mu nínú rẹ̀ sì wà láàyè, a ó tú ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Ìdè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí tó fi ń tì, ni ọ̀gá máa ń dà á sí. Ilẹ̀kùn yẹn kò dún rí ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀.

Bí mo ṣe gba òmìnira, àti bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ akérò kan ní ìlú yìí ṣe gbà mí sí yáàdì wọn, kò gùn ún sọ. Ẹnìkan ní Táíwò Road ló mú mi lọ. Owó oṣù mi tó mi jẹun.

Ní yáàdì náà, gbogbo bọ́ọ̀sì ni a ń pààrọ̀ ọ́ìlì wọn ní ìgbà kan náà, bí wọ́n bá ti rin ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà. Kò sí ẹni tó béèrè ìdí rẹ̀. Ọ́ìlì lásán tí gbogbo ayé mọ̀ ni, kì í ṣe èyí olówó iyebíye tí wọ́n ń tà lóde òní. A ń tú u sílẹ̀, a ń da titun sí i, ọdún ń lọ. Mo rí i tí jáàkì tí a ń fi ọwọ́ gbé di èyí tí atẹ́gùn ń gbé. Mo rí àwọn ẹ́ńjìnnì tí a lè fi etí gbọ́ àìsàn wọn di èyí tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà bá sọ̀rọ̀. Mo ń ṣe ẹ̀kán mi lọ, mo sì ń lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ìwé kan, nítorí pé ìwé kíkọ kò yá mi lọ́wọ́. Àwòrán nọ́ńbà bọ́ọ̀sì àti ẹ̀kán ọ́ìlì rẹ̀ ni mo ní lójú ewé kọ̀ọ̀kan.

Nígbà náà ni Ẹnjiníà tí ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ìwé dáadáa ni, kì í gbéraga, Bàbá ló ń pè mí. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sórí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Bàbá, ọ́ìlì tí ẹ ń tú sílẹ̀ lójoojúmọ́ yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn mìíràn nínú rẹ̀ kò tíì gbó?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀?”

“Ti Bọ́ọ̀sì Kẹta kì í gbó. Ti Kọkànlá ni kì í dé ọjọ́ kí ó tó kú.”

Ó wo inú ìwé ẹ̀kán mi títí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ́ìlì ránṣẹ́ sí láàbù kan ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ ọ́ìlì wò. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń bù ú: kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí èyí tó kọ́kọ́ jáde kọjá lọ, kí n gbé ìgò mímọ́ sí abẹ́ rẹ̀ láàárín ṣíṣàn rẹ̀. Bí bébà bá padà dé, òun ni yóò kà á fún mi. Irin báyìí. Bàbà báyìí. Òjé báyìí. Yanrìn tó bá eruku wọlé. Agbára tó kù nínú ọ́ìlì. Kí n má purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn bébà wọ̀nyẹn. Ó dà bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì sùn, tí ó lá àlá, tí ẹnìkan tó wà ní ọ̀nà jínjìn tí kò rí i rí sì jókòó, tó ń rọ́ àlá náà fún wa ní ìkọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì Kẹta, tó ń fi eré kan náà lọ sí ọ̀nà jínjìn láìdúró, láàbù ní ọ́ìlì rẹ̀ lè rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọkànlá, tó ń yí inú ìgboro, tó ń dúró tó ń lọ, tó ń mi láì rìn nídìí ọjà, láàbù ní kí á má jẹ́ kí tirẹ̀ dé ibi tí a ń jẹ́ kí ó dé. Bí a ṣe wá fún bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ nìyẹn. Nǹkan tí mo fi ojú rí ni láàbù fi nọ́ńbà sọ. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n dárúkọ bàbá rẹ̀ ní ìlú òkèèrè.

Ohun kan ṣoṣo ni kò dùn mọ́ mi. Ẹnjiníà ní kí n fi ẹ̀kán ọ́ìlì titun sílẹ̀, àti ìgò ẹlẹ́rìí.

“Bàbá, ọ́ìlì titun, titun ni. Èyí tó jáde ni láàbù ń wò.”

“Wọn kò ní wo èyí tó wọlé?”

“Kí ni wọn yóò rí níbẹ̀?”

Mo gbà fún un lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo ń bá ti ọ̀gá mi lọ.

Alhaji Yínúsà ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀ wa. Àgbàlagbà aláwàdà ni, a sì ti jọ wà ní yáàdì láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ni ó máa ń buwọ́ lu ẹnu ìgò. Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọyẹ́ mú débi pé a kò rí òpin yáàdì. Gbogbo nǹkan funfun, àwọn bọ́ọ̀sì kàn dúró nínú rẹ̀ bí ẹran tó ń jẹko nínú ìkùukùu. A ṣí àgbá titun kan, mo rọ ẹlẹ́rìí, mo gbé e lọ bá a.

“Ìdírísù, o tún gbé e dé. Nǹkan tí à ń so mọ́ ọrùn àgbá yìí, ṣé àgbá náà kì í sùn lóru ni?”

“Ẹ buwọ́ lù ú, Alhaji.”

“Mo ti buwọ́ lù ú. Bí ó bá yọ eyín, wá sọ fún mi.”

A rẹ́rìn-ín. Mo padà sídìí àgbá, mo so ìgò náà mọ́ ọrùn rẹ̀, mo mú ẹ̀kán kan sórí bébà, mo jókòó tì í. Mo rí àárín rẹ̀. Ó ṣókùnkùn. Ọ́ìlì titun kì í ní àárín rárá, oyin ni gbogbo ara rẹ̀. Mo mú bébà náà, mo padà lọ.

“Alhaji, ọ́ìlì yìí ti ṣiṣẹ́ rí.”

“Ta ló gbà á síṣẹ́?”

“Ẹ wò ó.”

“Kí ni kí n wò? Ẹnjiníà ní kí o fi bébà sílẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe é, láàbù yóò sọ. Dírẹ́bà ti ń fẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀.”

Mo gbọ́ ohùn dírẹ́bà Bọ́ọ̀sì Keje, ó ní àwọn èrò Kàíámà ti jókòó sí páàkì. Mo padà lọ, mo sì dà á sínú ẹ́ńjìnnì. N kò ní fi èyí pamọ́ fún yín. Ojú mi rí i, ọwọ́ mi sì dà á. Bí ọ̀gá Sáliù bá wà láàyè, òun ni ì bá dá mi lẹ́jọ́ lórí ìyẹn, n ó sì gba ìdájọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ́ńjìnnì Bọ́ọ̀sì Keje kú sí ìtòsí Bódè Sáàdú. Kò sí ẹni tó farapa, àwọn èrò kàn sọ̀kalẹ̀ sínú eruku ni, wọ́n sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Wọ́n wọ́ bọ́ọ̀sì náà dé. Ẹnjiníà bu ọ́ìlì inú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí láàbù. Bébà padà dé, ó ní irin àti òjé kún inú rẹ̀, ó ní agbára rẹ̀ ti tán pátápátá, ó ní ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ni. Ìwé yáàdì sì sọ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló pé tí mo pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Irin àti òjé lè jáde lójijì bí ẹ́ńjìnnì bá ń kú lọ. Ṣùgbọ́n agbára ọ́ìlì kì í tán láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nítorí náà, láàbù kò purọ́. Ọ́ìlì náà ti gbó lóòótọ́. Ohun tí wọ́n wá rí fà yọ nínú òtítọ́ yẹn ni pé èmi Ìdírísù kò pààrọ̀ ọ́ìlì, mo gbé titun lọ tà, mo sì fi èyí tó ti gbó sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó rántí pé a kò fi ọ́ìlì titun ránṣẹ́ sí láàbù rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo sì lọ sídìí àgbá láti bù nínú rẹ̀, àgbá náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹni tó kó o wá ti wá kó o padà kí bọ́ọ̀sì mìíràn tó mu nínú rẹ̀. Wáyà tí mo fi so ìgò ti já bọ́ sílẹ̀, ìgò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú eruku, bébà ẹnu rẹ̀ pé.

Mo gbé ìgò náà síwájú ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn. Mo ṣàlàyé bí mo ti mọ̀. Máníjà tó wà níbẹ̀ nígbà náà gbé e sókè, ó wò ó, ó kọjú sí Yínúsà.

“Alhaji, ṣé ọwọ́ yín nìyí?”

Yínúsà wo ìgò náà pẹ́. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé gbogbo yáàdì dúró, tí ọyẹ́ pàápàá dúró.

“Ìwé tí mo ń buwọ́ lù lóòjọ́ pọ̀,” ó ní. “N kò rántí eléyìí.”

Wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ní iwájú ilẹ̀kùn ńlá yáàdì, wọ́n sì ka ìdájọ́ mi. Wọ́n ní wọn kò ní lé mi nítorí ọjọ́ orí mi. Wọ́n gbé mi kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi mí ṣọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì pàṣẹ pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ́ìlì mọ́.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣí ilẹ̀kùn yẹn, mo sì tì í. Bí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bá ń kọjá, etí mi á sọ fún mi bí ọ́ìlì rẹ̀ ti rí, èyí tó kún, èyí tó fẹ́lẹ́, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn dírẹ́bà á yọ orí lójú fèrèsé. “Ọ̀gá Géètì, ẹ má ta ilẹ̀kùn kí á tó dé o.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, eruku wọn á bò mí. Ilẹ̀kùn náà ń ké, irin ń họ irin, gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ọ. Mo tọrọ ọ́ìlì díẹ̀ fún ìdè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi. Ojú tì í bó ṣe ń dá mi lóhùn: “Bàbá, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fún yín.” Igbe ilẹ̀kùn yẹn ni mo fi fẹ̀yìntì.

Ìgò náà wà lórí pẹpẹ nínú iyàrá mi. Ọdún lọ lórí ọdún. Ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, yóò bá a níbẹ̀, ọ́ìlì náà yóò sì tàn bí tíì tó ṣú. Ẹni tó bá wò ó nígbà náà yóò rò pé ó mọ́.

Ọmọ mi obìnrin ló gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú yìí ti ní ẹ̀rọ tó ń ka irin inú ọ́ìlì. A lọ. Obìnrin tó ń bójú tó láàbù náà ń jẹ́ Dókítà Ràlíátù. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi títí tí mo fi parí, ó gbé ìgò náà wò yíká, kò ṣí i.

“Bàbá, ẹ̀rọ mi yóò sọ ohun tó wà nínú ìgò yìí. Kò lè sọ ẹni tó rọ ọ́ síbẹ̀, kò sì lè sọ ọjọ́ tó rọ ọ́. Ta ló buwọ́ lu ẹnu rẹ̀?”

“Alhaji Yínúsà.”

“Ṣé ó wà láyé?”

Ó wà láyé. Ilé rẹ̀ wà ní Adéwọlé. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn alaásárì, mo bá a ní ẹnu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ wíwú sórí àpótí, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Mo kí i, ó dáhùn. 

“Mo rò pé o kò ní wọ ilé mi láyé, Ìdírísù.”

“Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, Alhaji. Ọ̀rọ̀ ìgò ni mo bá wá.”

“O ṣì ní in lọ́wọ́?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bó ṣe máa ń rín in látijọ́. “Ṣé ó ti yọ eyín?”

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀. Mo rí i tí tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ rántí, Alhaji.”

Ọmọ kékeré kan kọjá, ó ń ti táyà lọ, a jọ wò ó títí tó fi yà sí kọ̀rọ̀.

“Bí mo bá sọ pé ọwọ́ mi ni,” ó ní, “wọn yóò bi mí ìdí tí n kò fi sọ ọ́ nígbà náà.”

“Wọn yóò bi yín.”

“Kí ni kí n wá sọ fún wọn?”

“Èmi kọ́ ni mo mọ̀ ọ́n, Alhaji.”

“Máa lọ sílé, Ìdírísù.”

Mo sọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣí ìgò náà fún un, mo dìde, mo sì lọ.

Ní ọjọ́ náà, èmi àti ọmọ mi jókòó sí láàbù láti àárọ̀. Dókítà Ràlíátù ń wo aago. Nígbà tí a gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ níta, n kò dìde, nítorí pé kẹ̀kẹ́ pọ̀ ní Ìlọrin. Ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ ni mo gbọ́. Ó wọlé, ó di ògiri mú. Kò wo ojú mi. Dókítà gbé ìgò náà fún un.

“Alhaji, ọwọ́ ta nìyí?”

“Èmi ni mo kọ ọ́,” ó ní. “Kò sí ẹni tó ṣí i láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ló wà.”

Ó jókòó, wọ́n sì já bébà náà níṣojú wa.

Bébà láàbù jáde lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Irin wà nínú ọ́ìlì náà, òjé wà nínú rẹ̀, bàbà wà nínú rẹ̀, ọ́ìlì tí a kò tíì dà sínú bọ́ọ̀sì wa kankan. Agbára rẹ̀ ti tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnìkan ti kó ọ́ìlì tí àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn ti lò jọ, ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ó rọ ọ́ sínú àgbá, ó sì tà á fún wa ní titun. Ẹ̀yin tí ẹ ó bá ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi: láàbù yóò sọ òtítọ́ ohun tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀, kò sì ní sọ ohun tí ẹ kò gbé síwájú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ́ìlì titun ránṣẹ́. Kí ẹ tó lè sọ iye ọjọ́ tí ọ́ìlì lò dáadáa, ẹ ní láti mọ bó ṣe rí lọ́jọ́ tó dé.

Mo gbé bébà náà lọ sí yáàdì. Máníjà tó wà níbẹ̀ báyìí kéré sí ọmọ mi àgbà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Bàbá, a ó kọ lẹ́tà fún yín. A ó fi ránṣẹ́ sí ilé yín.”

“Ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti ka ti àkọ́kọ́, ọmọ mi. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ka èyí.”

Ó ronú títí. Ó ní kí n wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Mo dúró sí ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìdájọ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ni kò mọ̀ mí. Yínúsà wà níbẹ̀ lórí àga tí wọ́n gbé wá fún un, òun ló sì bẹ Máníjà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ka lẹ́tà náà. Ohùn rẹ̀ kò lágbára mọ́, ṣùgbọ́n àwọn bọ́ọ̀sì ti pa ẹ́ńjìnnì wọn, gbogbo ènìyàn sì gbọ́. Ó kà á pé ẹ̀sùn olè tí wọ́n fi kan Ìdírísù kì í ṣe òótọ́, pé ó pààrọ̀ ọ́ìlì bó ṣe sọ, pé ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì. Ibẹ̀ ni lẹ́tà náà parí sí. Ó ká a, ṣùgbọ́n kò dákẹ́.

“Mo mọ̀ nígbà náà,” ó ní. “Wọ́n ti já èdìdì àgbá náà nígbà tí wọ́n gbé e dé, mo sì gbà á wọlé. Ìdírísù fi bébà hàn mí, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́.”

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi lá àlá ohun tí n ó sọ ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo na ọwọ́ sínú àpò mi, mo mú ìgò náà jáde. Ọ́ìlì tó kù lẹ́yìn tí láàbù bu tiwọn kò ju ìka méjì lọ. Mo rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn ńlá, mo dà á sí ìdè òkè, mo dà á sí ti ìsàlẹ̀, ó ń rọra ṣàn wọ inú ìpẹtà. Mo dúró kí ó wọlé dáadáa. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Nígbà náà ni mo di ilẹ̀kùn náà mú, mo ṣí i títí dé òpin, mo sì tún tì í. Kò dún.